Ògiri Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

A ta ilé ẹ̀bá odò ní Deventer,
a ta kẹ̀kẹ́ méjèèjì, a fi ológbò síkàáwọ́ aládùúgbò.
Harmen ka Sáàmù létí àpótí tó ti kún,
mi ò gbọ́ ọ délẹ̀:
ọkàn mi wà lọ́dọ̀ iná gáàsì, bóyá mo ti pa á.
Ìjọ kọrin. Alàgbà Roelof gbọ́wọ́ lé wa lórí,
ó ní, "Ẹ lọ, ẹ ṣe bàbá, ẹ ṣe ìyá
fáwọn tí kò ní."
Ọwọ́ rẹ̀ tutù nini. Ìyẹn ni mo rántí jù.

Potosí ga débi pé èémí di ohun tí à ń yá lò.
Lọ́jọ́ kìíní Harmen gun àtẹ̀gùn méje,
ó jókòó lórí ìkẹjọ bí arúgbó.
Lọ́jọ́ kejì kò lè dìde.
Wilber, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, eyín iwájú rẹ̀ ti ká,
gbé tíì ewé koka wọlé nínú ife páànù,
ó dúró ti ibùsùn títí ife fi gbẹ,
bí nọ́ọ̀sì tí kò fọkàn tán aláìsàn.

Òkè pupa kan dúró gangan lójú fèrèsé.
Fàdákà ló wà nínú rẹ̀ nígbà kan.
Bàbá wọn wọ ibẹ̀ pẹ̀lú fìtílà lórí;
àwọn kan jáde pẹ̀lú eruku nínú ẹ̀dọ̀fóró,
àwọn kan ò jáde.
Doña Saturnina tó ń dáná fún wa
máa ń kẹ́yìn sí fèrèsé náà tó bá ń bó ọ̀dùnkún.
Mi ò bi í.

Mo kọ́ bí a ṣe ń pe omi ní Kẹ́tsúà.
Mo kọ́ bí a ṣe ń ya irun orí mọ́kànlá lówùúrọ̀
pẹ̀lú òòyà kan ṣoṣo.
Àdúrà tí mo gbé wá láti òkè òkun
tóbi ju ilé yìí lọ, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Ìbọ̀sẹ̀ ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún báyìí,
àti kí ikọ́ Eulogia má dòru.

Sunilda nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín sí wa.
Ọmọ ọdún méjìlá. Lọ́jọ́ kan mo lọ da omi ìdọ̀tí nù,
mo rí ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná:
orúkọ, pẹ́ńsùlù, orúkọ, ó ń gòkè bọ̀.
Ti ìsàlẹ̀ pátápátá wà níbi orúnkún mi;
ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀.
Annegret. Tobias àti Linn. Hae-won. Padre Celso.
Ìlà gba àárín olúkúlùkù wọn kọjá.
Oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́fà. Ẹnì kan lo ọ̀sẹ̀ méjì péré,
ó ya fọ́tò púpọ̀.

Àjò kì í dùn kónílé má relé.
Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí gbogbo àlejò
ń fi ilé rẹ̀ ṣe àjò,
níbo lòun ó lọ tí àjò ò bá dùn?

Harmen fẹ́ lọ bá a, ó fẹ́ ṣèlérí.
Mo dì í lápá mú.
Ìlérí ti kún ògiri yẹn.

A bó ọ̀dùnkún. A fọṣọ.
Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wọ́, ó tún un ṣe,
ó tún wọ́, ó tún un ṣe.
Wilber bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ sí Sucre láìdágbére;
mo sunkún sórí aṣọ tútù, mo bínú sí Ọlọ́run
fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
lẹ́yìn náà agogo oúnjẹ dún.

Ọdún kejì, oṣù Kẹjọ, yìnyín bo àgbàlá.
Mo gbé omi ìdọ̀tí jáde.
Orúkọ wa wà níbẹ̀, lókè téńté,
níbi tó ti ní láti gun bẹ́ńṣì kó tó tó o:
Wietske. Armen.
Ó yọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ọkọ mi dànù,
torí ahọ́n wọn kì í pè é.
Kò sí ìlà kankan lórí wa.
Ó fi pẹ́ńsùlù náà sílẹ̀ létí fèrèsé,
ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ ni,
ẹnu rẹ̀ mú.